Tábúlẹ́ẹ̀tì Gbogbo Ilé, Lẹ́tà Ẹnìkan

Fóònù kọ̀ọ̀kan nínú ilé ló ní ẹni tó ni ín. Kò sẹ́ni tí yóò ṣàdédé mú fóònù bàbá lórí tábìlì láìtọrọ. Tábúlẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ti gbogbo ayé ni. Orí àga pálọ̀ ló ń sùn. Àbúrò pátápátá ń fi wo kàtúùnù láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi yanjú ìbéèrè WAEC àtijọ́ lọ́sàn-án, màmá ń fi wo bí wọ́n ṣe ń yan kéèkì nírọ̀lẹ́, bàbá sì ń fi ka ìròyìn kó tó wọ yàrá lọ. Ẹni tó rà á, tàbí ẹni tó fi ránṣẹ́ sílé láti Lọ́ńdọ̀nù, ti fi àkáǹtì ẹnìkan ṣí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àkáǹtì ọ̀hún náà ló sì wà nínú rẹ̀ títí di bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé àárín ẹbí lòun wà. Ohun tó mọ̀ ni pé ẹnìkan ló ni òun, ìwé yòówù tó bá sì dé fún ẹni yẹn, yóò gbé e síwájú ẹni tó bá wà nítòsí.

Ìwé tó sì ń gba orí ímeèlì wọlé lóde òní kọjá ìkíni ọdún. Báńkì ń fi àlẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́: iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tó ṣẹ́ kù. Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń fi èsì ránṣẹ́, bóyá ti jẹ́nótáìpù, bóyá ti oyún, bóyá ti àìsàn tí èèyàn ò tíì mọ bí yóò ṣe la ẹnu sọ ọ́. Ilé iṣẹ́ tuntun ń fi lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Yunifásítì òkè òkun ń kọ̀wé pé àwọn ti gba ẹnìkan wọlé, ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ jápa ṣe rí lọ́dọ̀ wa: títí físà yóò fi jáde, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sọ ọ́ fún ará ilé tán, ká má tíì wá dárúkọ ará àdúgbò. Wàyí o, ẹ jẹ́ ká ní àbúrò ń wo kàtúùnù lọ́wọ́. Ìfitónilétí já wálẹ̀ láti òkè ojú ẹ̀rọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà, tí gbogbo pátákó ìta gbangba ló ń kà sókè, ka èyí náà sókè níwájú àlejò. Ọmọ ò ṣẹ̀. Ẹni tó gbé ìwé síwájú rẹ̀ ló yẹ ká bi.

Ohun tó wà lẹ́yìn páswọ́ọ̀dù

Ká ti ìtìjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, ká wo ewu. Bí èèyàn bá gbàgbé páswọ́ọ̀dù Facebook, tàbí ti ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí ti áàpù tó ń bá a tọ́jú owó, ìlànà kan náà ni gbogbo wọn sábà máa ń tẹ̀ lé. Wọn á ní kó tẹ ibi tí wọ́n kọ "Forgot password" sí, wọn á sì fi líǹkì tàbí nọ́ńbà ránṣẹ́ sínú ímeèlì rẹ̀. Ẹni tó bá ti lè ka ímeèlì yẹn, òun ni wọ́n gbà pé ó ni àkáǹtì. Wọn ò ní béèrè bóyá ọkọ ni, bóyá ọmọ ọ̀dọ̀ ni, bóyá ìbátan tó wá lo ìparí ọ̀sẹ̀ ni. Ẹni tó bá rí àpótí ímeèlì ẹlòmíràn ní ṣíṣí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lè pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù méjì mẹ́ta, kó pa lẹ́tà tí wọ́n fi ta ẹni tó ni ín lólobó rẹ́, kó sì dá ẹ̀rọ padà sórí àga bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Àwọn báńkì sábà máa ń fi nọ́ńbà orí fóònù kún tiwọn, ìyẹn sì dára. Àmọ́ báńkì nìkan kọ́ ni ibi tí owó wà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé bí ó bá jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo la fẹ́ yà sọ́tọ̀ lórí tábúlẹ́ẹ̀tì ilé, kó jẹ́ ímeèlì. Fọ́tò lè dójú tini. Ímeèlì lè sọ àpò dòfo.

Ta ló kọ ọ́, ta ló kọ ọ́ sí?

Kí ìwé kíkọ tó dé ilẹ̀ wa ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà. Nígbà tí àwọn baba ńlá wa bá pa àrokò, tí wọ́n fi okùn so owó ẹyọ àti ìyẹ́ pọ̀, ẹni tó gbé e lọ lè má mọ ohun tó gbé dání. Ẹni tí wọ́n pa á ránṣẹ́ sí ló mọ̀ ọ́n tú. Nígbà tí ìwé wá dé, tí iléèwé ò sì tíì kárí, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnu ẹlòmíràn kó tó dé etí ẹni tó ni ín. Ọmọ iléèwé ló ń ka lẹ́tà fún ìyá àgbà. Akọ̀wé tó gbé tábìlì sítòsí ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ń bá wọn fèsì. Ìyá àgbà ò sì jẹ́ gbé lẹ́tà fún ọmọ tí ẹnu rẹ̀ ń sáré. Ó mọ èyí tó lè ka ọ̀rọ̀ tán kó sì gbé e mì. Àṣírí wà nígbà náà dáadáa, ó kàn jẹ́ pé èèyàn ló ń yan ẹni tí yóò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Lórí tábúlẹ́ẹ̀tì pálọ̀, ẹnikẹ́ni ò yan ẹnikẹ́ni.

Ìhà kejì tún wà, òun sì ni a kì í sábà rántí. Lọ́dún 1741, akéwì Gẹ̀ẹ́sì Alexander Pope pe òǹtẹ̀wé kan tó ń jẹ́ Edmund Curll lẹ́jọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, torí pé Curll tẹ lẹ́tà tí Pope àti Jonathan Swift kọ síra wọn jáde láìgba àṣẹ. Adájọ́, Lord Hardwicke, sọ pé ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí ló ni bébà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Ẹjọ́ ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ni, síbẹ̀ òye inú rẹ̀ bá pálọ̀ wa mu. Àpótí ímeèlì tí a ń pè ní tiwa kún fún àwọn ẹlòmíràn. Nínú ti olùkọ́, òbí kan wà níbẹ̀ tó kọ̀wé pé ọmọ òun ṣì ń tọ̀ sílé. Nínú ti pásítọ̀ tàbí àfáà, ẹnìkan wà níbẹ̀ tó ń wá ìmọ̀ràn lórí ìgbéyàwó tó ti fẹ́ tú. Nínú ti ẹ̀gbọ́n, àbúrò wà níbẹ̀ tó tọrọ owó, tó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí ìyàwó ilé gbọ́. Gbogbo wọn, èèyàn kan ni wọ́n kọ̀wé sí. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá tú sórí àga, àwọn ni yóò kọ́kọ́ fara gbá a, bẹ́ẹ̀ wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé tábúlẹ́ẹ̀tì kan wà nínú ilé yẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń jò

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ibi mẹ́rin ni ti tábúlẹ́ẹ̀tì ti sábà máa ń lanu.

Àkọ́kọ́ ni ìfitónilétí. Kódà bí ẹ̀rọ bá wà ní títì, orúkọ ẹni tó kọ̀wé, àkòrí lẹ́tà àti ìlà bíi mélòó kan lè máa hàn lójú rẹ̀. Lórí iPad, ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Notifications, ẹ tẹ Show Previews, kí ẹ yan Never. Lórí Android, inú Notifications náà lẹ máa ti rí ibi tí wọ́n ti ń bo ọ̀rọ̀ inú ìfitónilétí nígbà tí ẹ̀rọ bá wà ní títì. Èyí tó ya jù ni kí ẹ pa ìfitónilétí áàpù ímeèlì kúrò pátápátá lórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Fóònù yín tó wà lápò á ṣáà dún.

Ìkejì ni áàpù fúnra rẹ̀. Gmail, Outlook àti Mail inú iPad kì í bi yín ní páswọ́ọ̀dù lójoojúmọ́. Ẹ wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ti Gmail lórí Android tún wá le díẹ̀, torí pé àkáǹtì Google kan náà ló ń gbé Gmail, Play Store, YouTube, fọ́tò àti nọ́ńbà àwọn ojúlùmọ̀ ró. Ẹ ò lè jáde nínú Gmail nìkan. Bí ẹ bá fẹ́ jáde, ẹ máa yọ àkáǹtì náà kúrò nínú ẹ̀rọ ni, tàbí kí ẹ sọ fún ẹ̀rọ pé kó má gbé lẹ́tà wá mọ́.

Ìkẹta ni páswọ́ọ̀dù tí ẹ ní kí Chrome tàbí Safari bá yín tọ́jú. Ó béèrè, ẹ kánjú, ẹ tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹni tó bá ti ṣí ojú ewé náà lè bá orúkọ àti páswọ́ọ̀dù yín nílẹ̀ ní kíkọ.

Ìkẹrin kò hàn sí ọ̀pọ̀ èèyàn. iPad tí ẹ bá fi àkáǹtì Apple yín sí ti di ẹ̀rọ tí Apple fọkàn tán. Bí ẹnìkan bá fẹ́ wọ àkáǹtì yín láti orí ẹ̀rọ mìíràn, nọ́ńbà mẹ́fà tó fi máa jẹ́rìí pé ẹ̀yin ni lè yọ lójú iPad yẹn. Ẹni tó bá ti mọ páswọ́ọ̀dù yín, tí iPad ilé sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tún wá fóònù yín lọ síbì kankan.

Ẹ̀rọ tó mọ ẹni púpọ̀, ẹ̀rọ tó mọ ẹnìkan

Nígbà tí Steve Jobs fi iPad àkọ́kọ́ han aráyé ní oṣù kìíní ọdún 2010, ẹnìkan ló jókòó sórí àga lórí pèpéle tó ń lò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni iPad inú ilé ṣe wà títí dòní: ẹnìkan ló mọ̀. Kì í ṣe pé Apple ò mọ bí wọ́n ṣe ń pín ẹ̀rọ fún ẹni púpọ̀. Ètò tí wọ́n ń pè ní Shared iPad ti wà fún iléèwé láti ọdún 2016, àwọn ilé iṣẹ́ pẹ̀lú sì ti ń lò ó. Pálọ̀ nìkan ni kò tíì dé.

Android gba ọ̀nà mìíràn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, Android 4.2 jẹ́ kí tábúlẹ́ẹ̀tì kan lè gba ẹni púpọ̀, kí fóònù tó rí irú rẹ̀ gbà pẹ̀lú Android 5.0 ní 2014. Ẹni kọ̀ọ̀kan ní ààyè tirẹ̀: áàpù tirẹ̀, àkáǹtì tirẹ̀, fọ́tò tirẹ̀, nọ́ńbà ìṣíde tirẹ̀. Láti Android 7.0, ètò ti wà tó jẹ́ kí ẹ̀rọ fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti fáìlì oníkálukú. Ẹni tó kọ́kọ́ ní ẹ̀rọ lè pa ààyè ẹlòmíràn rẹ́ pátápátá, àmọ́ kò lè yọjú wo ohun tó wà níbẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì Fire ti Amazon náà ní ààyè ọ̀tọ̀ fún àgbà àti fún ọmọdé.

Lórí tábúlẹ́ẹ̀tì Samsung, ẹ wọ Settings, ẹ tẹ Accounts and backup, ẹ ó rí Users níbẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ Android yòókù, abẹ́ System ló wà. Bí ojú yín ò bá tó o, ẹ tẹ "users" sínú àpótí ìwádìí tó wà nínú Settings. Bí ẹ ò bá tún rí i, ó ṣeé ṣe kí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà ti yọ ọ́ kúrò.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni pé àwọn òbí máa ń fi ààyè àkọ́kọ́, tí àkáǹtì tiwọn wà nínú rẹ̀, sílẹ̀ fún gbogbo ilé, wọ́n á wá lọ ṣí tuntun fún ara wọn. Ohun gbogbo tí wọ́n ti kó jọ sínú ti àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ yí i padà. Àgbà ni kó ni ààyè àkọ́kọ́, kó sì fi nọ́ńbà tí ọmọ ò lè méfò sí i. Ọjọ́ ìbí àkọ́bí kì í ṣe nọ́ńbà. Kí ẹ wá ṣí ààyè kejì tí ẹ máa pè ní "Ilé", tí kò ní ímeèlì ẹnikẹ́ni nínú. Ẹ má sì jẹ́ kí ààyè pọ̀ jù, torí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ nínú àpò ẹ̀rọ. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí àpò rẹ̀ jẹ́ 16GB tàbí 32GB kì í pẹ́ kún. Ọ̀kan fún bàbá, ọ̀kan fún màmá, ọ̀kan fún ilé: ó tó.

Bó bá jẹ́ iPad lẹ ní

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà, ti àkọ́kọ́ ni mo sì fara mọ́ jù. Ẹ má fi ímeèlì yín sínú áàpù kankan lórí rẹ̀ rárá. Bí ẹ bá fẹ́ ka lẹ́tà, ẹ ṣí ojú ewé ìpamọ́, èyí tí Safari ń pè ní Private, tí Chrome ń pè ní Incognito. Ẹ tẹ àdírẹ́sì àti páswọ́ọ̀dù, ẹ ka ohun tí ẹ fẹ́ kà, ẹ jáde, kí ẹ sì pa gbogbo ojú ewé ibẹ̀ dé. Ẹ̀rọ ò ní rántí pé ẹnìkan wọlé. Ohun kan ló kù tó yẹ kí ẹ ṣọ́: ìwé tí ẹ bá gbà sílẹ̀ níbẹ̀, bíi àkọsílẹ̀ owó láti báńkì tàbí èsì àyẹ̀wò, kì í bá ojú ewé lọ. Inú Files ló máa jókòó sí, níbi tí ẹni tó ń wá iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ á ti kàn án. Ẹ pa á rẹ́ kí ẹ tó dìde.

Ọ̀nà kejì dé pẹ̀lú iPadOS 18 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Ẹ fi ìka tẹ àwòrán áàpù náà pẹ́, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti ń sọ pé kí áàpù náà máa béèrè ojú, ìka, tàbí nọ́ńbà ìṣíde kó tó ṣí. Ó dára, àmọ́ àgádágodo yìí ò lágbára ju ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣí lọ. iPad tó ń lo ìka máa ń gba ìka márùn-ún, àwọn òbí sì ti fi ti ọmọ sí i kí ọmọ lè máa wo eré láìdí wọn lọ́wọ́. Ìka yẹn náà ló máa ṣí ímeèlì. Bí gbogbo ilé bá sì mọ nọ́ńbà ìṣíde, ẹ ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ nọ́ńbà yẹn, kí ẹ yọ ìka tí kì í ṣe tiyín, kí ẹ tó wá ti áàpù.

Ọ̀nà kẹta wà fún ọmọ kékeré. Láti ọdún 2012 ni iPad ti ní Guided Access, tó wà nínú Accessibility: ẹ ṣí kàtúùnù, ẹ ti ọmọ mọ́bẹ̀, kò sì ní lè jáde bọ́ sínú áàpù mìíràn àyàfi bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà. Android náà ní irú rẹ̀ tó ń lẹ áàpù kan mọ́ ojú ẹ̀rọ.

Ọmọdé, àgbà, àti àkáǹtì tí a ṣí sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ ọmọdé ti dé ọ̀dọ̀ ìjọba rí. Ní oṣù kìíní ọdún 2014, Apple gbà láti dá ó kéré tán mílíọ̀nù 32.5 dọ́là padà fún àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí àjọ FTC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà níbẹ̀, fẹ̀sùn kàn án pé àwọn ọmọdé ń ra nǹkan nínú eré láìsí àṣẹ òbí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, Google gba ti mílíọ̀nù 19 dọ́là. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ló yẹ ká kíyè sí. Òbí tẹ páswọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan, Apple sì fi àkáǹtì sílẹ̀ ní ṣíṣí fún ìṣẹ́jú 15. Ti Google jẹ́ ìṣẹ́jú 30. Láàárín àkókò yẹn, ọmọ ń ra nǹkan bó ṣe wù ú. Bí ìṣẹ́jú 15 bá lè ná àwọn òbí ní irú owó bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ sọ nípa ímeèlì tó ṣí sílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta?

Ẹ̀tọ́ ọmọ sí lẹ́tà tirẹ̀ náà ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, bàbá ló máa ń já lẹ́tà ọmọ wò kó tó gbé e fún un. Fún ọmọ tí kò tíì pé 13, mo gbà pé kí òbí mú okùn dání, ètò Family Link tí Google gbé jáde ní 2017 sì wà fún irú ìyẹn. Fún ọmọ tó ti bàlágà, ẹ lè máa ṣọ́ ọ, àmọ́ kó mọ̀ pé ẹ ń ṣọ́ òun. Èyí tó ti di àgbàlagbà, tó ń retí lẹ́tà iṣẹ́ tàbí ti yunifásítì, ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún yín. Ayọ̀ tí ọmọ fẹ́ ròyìn fún ìyá rẹ̀, tí ìyá ti kà tán lójú ẹ̀rọ, ti di àkàtúnkà.

Láàárín tọkọtaya ni ọ̀rọ̀ ti máa ń gbóná jù. Bàbá fi nọ́ńbà ti ímeèlì rẹ̀ lónìí, lálẹ́ ni ìbéèrè máa jáde: "Bàbá Ìbejì, kí lẹ ń fi pamọ́?" Bó bá dákẹ́, ó di ẹjọ́. Bó bá ní "kò sí nǹkan," ó tún burú jù. Èsì tó jẹ́ òtítọ́ ni pé, "Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé sí mi ni." Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò ní dùn létí bí ẹnìkan ṣoṣo bá dédé ti ilẹ̀kùn láìsọ tẹ́lẹ̀. Kí àwọn méjèèjì jókòó, kí wọ́n ti tiwọn lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n sì ṣí ímeèlì kẹta tí yóò jẹ́ ti ilé. Ìwé owó iléèwé, rìsíìtì iná mànàmáná, lẹ́tà onílé, ìpàdé òbí àti olùkọ́: kí gbogbo ìyẹn máa bọ́ síbẹ̀. Ímeèlì yẹn ló lè wà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni kà á. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀, ó sì pa ìfura lẹ́nu mọ́, torí pé ohun tó jẹ́ ti àwọn méjèèjì ti wà níta.

Ti àwọn àgbà náà wà ńlẹ̀. Ìyá àgbà tí ọmọ rẹ̀ fi tábúlẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí láti Houston nílò ẹni tí yóò bá a ka lẹ́tà ilé ìwòsàn tàbí ti owó ìfẹ̀yìntì. Ohun tí a sábà máa ń ṣe ni pé a ó kọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀ sẹ́yìn ìwé, gbogbo ọmọ-ọmọ á sì há a sórí. Gmail ní ọ̀nà tó mọ́ ju ìyẹn lọ. Láti orí kọ̀ǹpútà, nínú Settings, abẹ́ Accounts and Import, Màmá lè yan ẹnìkan tí yóò máa ka lẹ́tà òun, tí yóò sì máa bá òun fèsì láti inú àkáǹtì tirẹ̀. Ẹni náà ò ní mọ páswọ́ọ̀dù Màmá, kò sì lè pààrọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí Màmá bá yí ọkàn padà, wọ́n á yọ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń yan ọmọ tó ń pa ẹnu mọ́ láyé ọjọ́sí náà nìyẹn.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá kúrò nílé

Ojú ẹ̀rọ fọ́, ẹ gbé e lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, oníṣẹ́ ní kí ẹ fi nọ́ńbà ìṣíde sílẹ̀ kí òun lè dán an wò. Ẹ yọ àkáǹtì yín kúrò kí ẹ tó gbé e dé ibẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá ti kú tí ẹ ò lè tẹ nǹkan kan, ẹ gba orí fóònù yín wọ àkáǹtì Google, ẹ lọ sí Security, ẹ wá Your devices, kí ẹ sì lé tábúlẹ́ẹ̀tì náà jáde láti ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá fẹ́ fi tọrẹ fún ẹ̀gbọ́n tó wà lábúlé tàbí bí ẹ bá fẹ́ tà á: kí ẹ yọ àkáǹtì, kí ẹ sì nu ohun gbogbo inú rẹ̀ nù. Láti ọdún 2015, Android tí wọ́n bá nù tipátipá láì kọ́kọ́ yọ àkáǹtì lè máa béèrè páswọ́ọ̀dù ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, ẹ̀bùn yín á wá di igi lọ́wọ́ ẹni tó gbà á.

Òfin náà ò dákẹ́ lórí àṣírí lẹ́tà. Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ ìlú, ilé rẹ̀, ìwé tó ń kọ àti ìbánisọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí tẹlifóònù. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 de ilé iṣẹ́ àti ìjọba, àmọ́ ó yọ ohun tí èèyàn ń ṣe nínú ilé ara rẹ̀ sílẹ̀, tí kò bá ti tẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Kò yani lẹ́nu. Ta ló fẹ́ fa àbúrò rẹ̀ lọ sí kóòtù torí pé ó ka ímeèlì? A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Àdéhùn tí ẹ jọ ṣe nínú pálọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ẹ tò dáadáa, ló máa gbà yín.

Ẹni tó ní ohun tó lè gbé fúnni

Àwọn kan á ní: bí mo bá ti gbogbo ẹ̀ pa báyìí, tí mo bá kú ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni, ó sì ní ìdáhùn. Láti ọdún 2013 ni Google ti ní Inactive Account Manager. Ẹ ó sọ iye oṣù tí àkáǹtì máa dákẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti mẹ́ta títí dé 18, kí Google tó gbà pé nǹkan ti ṣe yín. Ẹ ó yan ẹni tó máa kàn sí, títí dé èèyàn mẹ́wàá. Ẹ ó sì sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè rí. Ìyàwó lè gba ímeèlì, àwọn ọmọ lè gba fọ́tò, kí wọ́n sì pa ìyókù rẹ́. Apple náà gbé ètò Legacy Contact jáde ní ìparí ọdún 2021. Ẹ má sì fi í falẹ̀, torí pé Google ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni ò lò fún ọdún méjì rẹ́.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí àwọn tó ń sọ pé àgádágodo ń ba ẹbí jẹ́ rò ó wò. Ohun tó ti wà níta fún gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó lè gbé e lé ẹnìkan lọ́wọ́ mọ́. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ fa ímeèlì rẹ̀ lé lọ́wọ́ mọ̀ pé nínú gbogbo ilé, òun ni bàbá fọkàn tán. Ìyá tó yan ọmọ-ọmọ kan pé kó máa bá òun ka lẹ́tà ti fún ọmọ yẹn ní ipò. Ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ò ní kọ́kọ́rọ́ ò lè fi kọ́kọ́rọ́ dá ẹnikẹ́ni lọ́lá.